Ìwọ̀fà Kò Lè Ra Ìwọ̀fà Padà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn kan yóò bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí iná lórí òrùlé aládùúgbò rẹ̀ tí kò pariwo, òun náà ti lọ́wọ́ nínú iná náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún kan, ibà dá àbúrò mi obìnrin dúbúlẹ̀. Ìyá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Wòlíì náà wò ó, ó mi orí. Ó ní Jésù yóò gbà á là, ṣùgbọ́n ìgbàlà náà ní ohun tí a ó fi ṣe é. Ó kà á sílẹ̀: àbẹ́là 7, aṣọ funfun 1, ìgò òróró 3, àti 40 000 fráǹkì. Ìyá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni ó fi ń bọ́ wa. Ó san 25 000. Ó ku 15 000.

Àbúrò mi kò dìde. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ipá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, ó sì yè. Wòlíì náà ránṣẹ́ sí wa. Ó ní àdúrà òun ni ó ṣiṣẹ́. Ó ní kí a mú owó tí ó kù wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọlọ́run yóò gba ohun tí ó fún wa padà.

Ìyá mi kò rí owó náà san. Ọdún púpọ̀ kọjá. Nígbà tí ọjọ́ ikú rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní: “Ọmọ mi, ṣé ẹ ti san 15 000 yẹn? N kò fẹ́ jẹ gbèsè dé iwájú Ọlọ́run.”

Mo dá a lóhùn pé: “Ìyá mi, wọ́n ti san án.” Irọ́ kọ́ ni mo pa. Wọ́n ti san án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo san án, kì í sì í ṣe wòlíì yẹn ni wọ́n san án fún. Ta ni ó san án? Irú ẹni wo ni ó lè san án? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Kí ni a ń pè ní ìwọ̀fà?

Àwọn àgbà wa mọ ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ náà kì í dín owó kù. Èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Bí ó lo ọdún 1, bí ó lo ọdún 10, owó náà wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá mú odindi owó wá ni ìwọ̀fà tó lè lọ sílé.

Ẹ wò ó ná. Bí ìwọ̀fà 2 bá wà lóko olówó kan náà, ṣé ọ̀kan lè ra èkejì padà? Kí ni yóò fi rà á? Òun fúnra rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rà á. Ó lè bá èkejì rẹ̀ sunkún. Ó lè bá a pín iṣu jẹ. Ó lè gbà á ní ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n kò lè rà á padà. Àwọn àgbà ní: “Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbàlà rí. Nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, orí 3, ẹsẹ 23, a kọ́ wa pé kò sí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀. Gbogbo wa ni ìwọ̀fà. Ohun gbogbo tí ẹ̀dá ní, Ọlọ́run ni ó fún un. Bí ẹ̀dá bá sin Ọlọ́run láti òwúrọ̀ di alẹ́, ohun tí ó tọ́ kí ó ṣe náà ni ó ṣe. Kò sí èyí tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi san ti ẹlòmíràn. Wòlíì kò ní in. Áńgẹ́lì pàápàá kò ní in, nítorí ẹ̀dá ni áńgẹ́lì.

Nítorí náà, ẹni tí yóò rà wá padà kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀fà. Nínú ìwé Àìsáyà, orí 43, ẹsẹ 11, Ọlọ́run sọ gbangba pé òun nìkan ni Olùgbàlà. Bí Jésù bá jẹ́ Olùgbàlà, Ọlọ́run ni. Bí kò bá jẹ́ Ọlọ́run, ẹ má ṣe pè é ní Olùgbàlà mọ́. Ọ̀nà kẹta kò sí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé: “Bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run, kí ló dé tí ó tún di ènìyàn?” Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ta ni ó ń lọ ra ìwọ̀fà padà? Ẹbí rẹ̀ ni. Ọmọ ènìyàn ni ó jẹ gbèsè, ó sì yẹ kí á san án láti inú ilé ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tí ó ní owó náà. Nítorí èyí ni Ẹni tí ó ní i ṣe wọ inú ilé wa, tí obìnrin bí i, tí ebi pa á, tí ó sunkún, tí ó sì kú. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn nìkan, kò ní ohun tí yóò san. Bí kò bá di ènìyàn, kì í ṣe ẹbí wa.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ni ó hùmọ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Wọn kò mọ ìtàn. Ìlú Alẹkisáńdíríà ni ìjà náà ti gbóná, ní etí òkun ilẹ̀ Íjíbítì, ní Áfíríkà wa yìí.

Àlùfáà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Arius. Ní nǹkan bí ọdún 318, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn pé Ọmọ Ọlọ́run jẹ́ ẹ̀dá. Ó ní òun ni ẹ̀dá àkọ́kọ́, òun ni ó tóbi jù, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí kò sí. Arius gbọ́n. Ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ orin, àwọn ènìyàn sì ń kọ ọ́ kiri.

Ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ní ọdún 325, Ọba Constantine ti Róòmù pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú Nicaea, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Wọ́n tó nǹkan bí 300. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà lọ. Athanasius ni orúkọ rẹ̀. Díákónì ni nígbà náà. Ìpàdé náà kọ ẹ̀kọ́ Arius. Wọ́n ní a bí Ọmọ ni, a kò dá a, àti pé ohun tí Bàbá jẹ́ náà ni Ọmọ jẹ́. Ní ọdún 2025, ìpàdé náà pé 1700 ọdún.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bíbí àti dídá? Ẹ lọ wo obìnrin tí ó ń mọ ìkòkò. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ mọ ìkòkò, ìkòkò náà sì dára. Ṣùgbọ́n ìkòkò kì í ṣe ènìyàn, kò sì lè di ènìyàn láéláé. Obìnrin kan náà tún bí ọmọ. Ọmọ náà jẹ́ ènìyàn bíi tirẹ̀, kò dín, kò lé. Ohun tí a mọ kì í jọ ẹni tí ó mọ ọ́n. Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá jẹ́ Ọlọ́run. A kò sọ pé Ọlọ́run fẹ́ ìyàwó bí a ti ń fẹ́ ìyàwó, a kò sì sọ pé ìgbà kan wà tí Bàbá kò ní Ọmọ. Iná kì í wà kí ó má ní ìmọ́lẹ̀.

Athanasius di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 328. Ohun kan ni ó dì mú: ẹ̀dá kò lè so ẹ̀dá pọ̀ mọ́ Ọlọ́run. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà 5 ni wọ́n lé e kúrò nílùú. Ìgbà kan, wọ́n rán an lọ sí Trier, ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ Jámánì lónìí. Ìgbà mìíràn, ó sá pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará wa tí ń gbàdúrà nínú aginjù Íjíbítì. Ó lo nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn odi. Ó kú ní ọdún 373, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ. Olùgbàlà tí Arius ń wàásù rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ tí ó dúró ní àárín. Kì í ṣe Ọlọ́run, kì í sì í ṣe bíi tiwa. Bí ó bá jẹ́ pé ìránṣẹ́ tí yóò dúró ní àárín ni a ń wá, ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe aláìní wọn. Àwọn baba wa ní púpọ̀ kí ìhìn rere tó dé. Kí ni ìhìn tuntun nínú èyí? Ìhìn tuntun náà ni pé olówó fúnra rẹ̀ dìde lórí àga, ó wá sí oko, ó sì san gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ohun tí àwọn kan fi ń takò wá

Mo ní aládùúgbò tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Ó ń sọ fún mi gbangba pé wòlíì ńlá ni Jésù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò fi ohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tàn mí jẹ. A jọ ń kí ara wa ní ọjọ́ ọdún. Ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ìjà mi wà pẹ̀lú àwọn tí ó ń kan ilẹ̀kùn wa pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń sọ pé Bíbélì náà ni ó kọ́ wa pé ẹ̀dá ni Jésù.

Èkíní, wọ́n ní Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé Bàbá tóbi ju òun lọ (Jòhánù 14:28). Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ṣé ó ti di ewúrẹ́? Ọmọ ń bọlá fún bàbá, síbẹ̀ ènìyàn ni bàbá, ènìyàn ni ọmọ. Pọ́ọ̀lù ṣàlàyé fún àwọn ará Fílípì, orí 2, pé Kristi fi ọlá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú ipò ìránṣẹ́. Ipò ìránṣẹ́ ni ó ti sọ̀rọ̀ yẹn.

Èkejì, wọ́n ní a pè é ní àkọ́bí (Kólósè 1:15), nítorí náà ó ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ 16. Ó ní nípasẹ̀ rẹ̀ ni a dá ohun gbogbo. Ẹni tí ó dá ohun gbogbo kò lè wà lára ohun tí a dá. Kí wá ni àkọ́bí? Àkọ́bí ni olórí, ẹni tí ó ni ogún. Nínú Sáàmù 89, Ọlọ́run ṣèlérí láti fi Dáfídì ṣe àkọ́bí, bẹ́ẹ̀ Dáfídì ni àbíkẹ́yìn nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní Ọba Constantine ni ó sọ Jésù di Ọlọ́run. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni Pliny, gómìnà Róòmù kan tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣe kọ̀wé sí ọba rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 112 pé àwọn Kristẹni ń kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run? Èyí ju 200 ọdún lọ kí ìpàdé Nicaea tó wáyé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Constantine náà ni ó kọ́kọ́ lé Athanasius kúrò nílùú. Ọmọ rẹ̀ tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, Constantius, gbè sẹ́yìn àwọn ọmọlẹ́yìn Arius. Bí ó bá jẹ́ pé agbára ọba ni ó gbé ẹ̀kọ́ yìí dúró, ì bá ti kú tipẹ́.

Ẹ tún wo èyí. Nígbà tí àwọn ará Lísírà fẹ́ bọ Pọ́ọ̀lù, ó fa aṣọ ara rẹ̀ ya, ó kọ̀ (Ìṣe 14). Nígbà tí Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì náà kọ̀ (Ìfihàn 22). Ẹ̀dá tí ó jẹ́ olóòótọ́ kì í gba ìjọsìn. Ṣùgbọ́n Tọ́másì pe Jésù ní Olúwa àti Ọlọ́run rẹ̀ (Jòhánù 20:28). Ṣé Jésù kọ̀? Kò kọ̀. Yálà Ọlọ́run ni lóòótọ́, tàbí kò jẹ́ olóòótọ́. Àwọn tí ó ń kan ilẹ̀kùn wa kò sì jẹ́ sọ pé Jésù kì í ṣe olóòótọ́.

Ẹ wo Máàkù orí 2 pẹ̀lú. Jésù dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji arọ kan. Inú bí àwọn akọ̀wé òfin tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ó ń bí wọn nínú. Bí mo bá jẹ ọ́ ní owó, ṣé ẹlòmíràn lè wá láti ojú ọ̀nà kí ó ní òun ti fi owó náà jì mí? Olówó nìkan ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Jésù sọ ọ́.

Àwọn tí ó ń fi ẹnu jẹ́wọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ sẹ́

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Àwọn tí ó ń fi ẹnu sọ pé Jésù kì í ṣe Ọlọ́run kò pọ̀ láàárín wa. Àwọn tí ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ ni ó pọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń kígbe pé Jésù ni Olúwa. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ń ta omi àdúrà, wọ́n ń ta òróró, wọ́n ń ka iye tí ìdáǹdè yóò ná ọ. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹni tí ó ń ta ìgbàlà ń sọ pé owó tí Jésù san kò pé.

Bí o bá wọ zemijan láti ọjà dé ilé, tí ọ̀rẹ́ rẹ sì ti san owó rẹ, kí ni ìwọ yóò ṣe bí ẹnìkan bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, tí ó ní kí o tún san án? Ìwọ yóò pè é ní olè. Nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí ló dé tí a ń pè é ní wòlíì?

Bí ẹni tí ó san án bá jẹ́ ẹ̀dá, ó ṣeé ṣe kí ó ku 15 000. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run ni ó san án, kò ku fráǹkì 1. Nítorí náà, wòlíì tí ó gba ẹ̀rọ ìyá mi jẹ́ ọmọ Arius, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ Arius rí.

Bíbélì kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì. Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ sá tẹ̀ lé Náámánì, ó lọ gba owó àti aṣọ, ẹ̀tẹ̀ Náámánì sì lẹ̀ mọ́ ọn (2 Àwọn Ọba 5). Símónì oníṣẹ́ oṣó fi owó lọ Pétérù kí ó lè gba agbára Ẹ̀mí, Pétérù sì bá a wí gidigidi (Ìṣe 8).

Ẹnìkan lè ní: “Ṣé kí a má ṣe mú ọrẹ wá mọ́ ni?” N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọrẹ kì í ṣe owó ọjà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ rà padà lè mú iṣu wá fún bàbá nítorí inú rẹ̀ dùn. Ọpẹ́ ni iṣu náà. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn títí iṣu yóò fi pé, a jẹ́ pé kò tíì rà á. Ẹ mú ọrẹ yín wá pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ má ṣe mú un wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bí ọmọ yín bá sì ń gbóná, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí ó ní kí ẹ má lọ kò gbèjà Ọlọ́run.

Àwọn àgbà ní: “Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.” Ìgbàlà rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àwọn ènìyàn rò pé kò níye lórí. Ó níye lórí ju gbogbo ohun tí ó wà lọ́jà lọ. Ẹlòmíràn ni ó san iye rẹ̀.

Ẹ ti mọ ìwé kà

Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ẹrú pọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Kò sí ọ̀kan tí ó lè tú èkejì rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìta ni ìtúsílẹ̀ ti dé: ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà mú, a sì tú wọn sílẹ̀ ní Sàró. N kò sọ pé sójà Gẹ̀ẹ́sì ni Olùgbàlà o. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe.

Ọmọkùnrin yẹn ni ó di Samuel Ajayi Crowther. Ìwé Róòmù ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1850. Nínú ìwé náà, orí 3, ẹsẹ 24, Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni Ọlọ́run dá wa láre, nítorí ìràpadà tí ó wà nínú Kristi Jésù. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ni ó fi èdè wa kọ ọ́. Ó mọ ohun tí ìràpadà jẹ́.

Ìyá mi kò mọ ìwé kà. Ohun tí wòlíì sọ ni ó gbà gbọ́, nítorí kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà wò ó. Ẹ̀yin mọ ìwé kà. Ní alẹ́ òní, ẹ tan fìtílà, ẹ ṣí Róòmù orí 3, ẹ fi ìka tẹ̀ lé ẹsẹ 24 ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá àgbà kan bá wà nínú ilé yín tí ó ń bẹ̀rù pé òun jẹ Ọlọ́run ní owó, ẹ pè é kí ó jókòó, kí ẹ sì kà á sí i létí.

Bí wòlíì bá wá gba 15 000 rẹ̀, ẹ fi ibẹ̀ hàn án. Ẹ ní kí ó kà á sókè.